Ìbẹ̀rù Oníṣòwò àti Ìlànà Kíkó Ọjà Pamọ́: Àgbéyẹ̀wò Onítàn láti Ọjà Ọrọọrún dé Alímọ̀ṣọ́

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, àwọn olùkọ́ a máa fi ìlànà inú ìwé díwọ̀n oníṣòwò inú ọjà. Bí ti ọjà kò bá bá ti ìwé mu, wọn a ní àìmọ̀ ìṣirò ló fà á. Ìtàn kò gbè wọ́n nínú èyí. Ìbẹ̀rù kan pàtó ló bí ìlànà kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí a mọ ìbẹ̀rù náà kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Láyé àtijọ́, ọjọ́ ọjà ni ó ń pàṣẹ. Ọjà ọrọọrún wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Hodder àti Ukwu ti ṣàlàyé nínú ìwé wọn lórí ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1969. Nítorí náà, kì í ṣe iye tó kù nínú igbá nìkan ni aláròóbọ̀ ń rò, bí kò ṣe iye tí yóò gbé e dé ọjọ́ ọjà mìíràn. Àyẹ̀wò láti ìgbà dé ìgbà ni èyí. Èkejì rẹ̀ ni àyẹ̀wò ojoojúmọ́, níbi tí a ó ti ra òmíràn gbàrà tí ọjà bá ti wálẹ̀ dé ibi tí a fi àmì sí. Ní Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, ọjà kì í dúró de ọjọ́ kan. Onísọ̀ọ̀ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò ń lo ìlànà kejì yìí, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: bí páálí mílíìkì bá ti ku méjì, ó ti ń pe alágbàtà lórí fóònù.

Ní 1913, Ford W. Harris ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí a ṣì fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí a gbé ìnáwó tí ó wà nínú lílọ ra ọjà sí ẹ̀gbẹ́ ìnáwó kíkó o pamọ́, kí a sì ra iye tí àpapọ̀ méjèèjì yóò fi kéré jù lọ. Ìṣirò tó gún ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé owó ọjà kò yí padà.

Ìbẹ̀rù owó tó ń yí padà kì í ṣe tuntun ní Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn dá iye owó oúnjẹ, Captain A. P. Pullen sì ni ó ń bójú tó ètò náà. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alimotu Pelewura ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Gàrí di ohun tí à ń tà lábẹ́lẹ̀, títí ìjọba fi pa ètò náà tì ní 1945. Ta ni yóò gbé ọjà jáde ní iye tí kò ní lè fi ra òmíràn?

Ìbéèrè yìí kan náà ló padà dé Ìkòtún lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù tó tẹ̀ lé e. Ká ní aláròóbọ̀ kan ra àpò ìrẹsì kan ní ₦40,000, ó tà á ní ₦44,000, ó wá padà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, ó bá a ní ₦48,000. Nínú ìwé, ó jèrè ₦4,000. Lórí pẹpẹ, kò lè ra àpò kan mọ́. Ó ti jẹ nínú ojú owó láìmọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó àpò mẹ́wàá jọ níbi tí ìṣirò Harris ti ní kó ra mẹ́rin, kì í ṣe òpè. Inú ìrẹsì ni ó ń fi owó rẹ̀ pamọ́ sí. Ewu wà níbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ owó èlé ni ó fi rà á: kòkòrò lè jẹ ẹ́, iye owó sì lè wálẹ̀ lójijì.

Alátà tí ó ń ra tòmátì ní Mile 12 kò tilẹ̀ ní àǹfààní yìí, nítorí ohun tí ó rà lónìí lè jẹrà lọ́la. Òun kì í kó ọjà jọ. Bí apẹ̀rẹ̀ bá wọ́n sí i, iye tí ó ń pe àwo kan kì í tètè yí. Tòmátì inú àwo ni ó ń dín.