Abiyamọ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àyíká ní Ìbàdàn Àtijọ́

Bí a bá ń sọ ìtàn ìmọ́tótó Ìbàdàn, wólewólé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Láyé ìjọba òyìnbó, àwọn agboolé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọn a máa ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíìjí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Abiyamọ ló sì ń pọnmi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń da ilẹ̀ sí ààtàn. Lójú tèmi, wọ́n fi ìmọ̀ tí wọn kò kọ́ ọ dá a lẹ́jọ́.

Ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní 1829 yìí, orí òkè ló wà. Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 dúró gbọnin lókè. Àgbàrá ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, sínú Kúdẹtì àti Ògùnpa. Ògùnpa ya ní 1963, ó ya ní 1978. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Ta ló yẹ kó kọ́ nípa omi yìí bí kò ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù pé kó má gbé ọmọ òun lọ? Ní 1982 ni àwọn obìnrin ẹnjiníà Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Joanna Maduka sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò rọrùn fún ẹni tó ń tọ́mọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n ìdọ̀tí inú odò. Wọn yóò bu omi sínú ìgò, wọn yóò wọn ọ́síjìn inú rẹ̀, wọn yóò sì gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5, níbi tí ooru yóò ti dúró sí ìwọ̀n 20 ti Celsius, kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Bí ọ́síjìn bá ṣe dín kù tó ni ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó. Bí ara ọmọ bá gbóná ní ọjọ́ karùn-ún, omi kò ní dúró de ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Agboolé àtijọ́ ló jẹ́ kí ìyá ọmọ ráyè ná Ọjà'ba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kan sí ibi tó jìnnà sí agboolé rẹ̀ kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìyá àgbà bá ṣì wà, yóò gba ọmọ pọ̀n, ìyá ọmọ yóò lọ wọn omi rẹ̀.