Ìtàn Wíwọn Igi àti Ilẹ̀ ní Agbègbè Bassila àti Manigri

Bassila àti Manigri wà ní ẹkùn Donga, ní àárín ilẹ̀ Benin, ní apá ibi tí ó kángun sí ààlà Tógò. Àwọn Anii ló ni Bassila. Ẹ̀ka èdè Yorùbá kan ni wọ́n ń sọ ní Manigri. Bàbó, apá, ọ̀gánwó, ìyá àti èmi ló pọ̀ nínú ọ̀dàn ibẹ̀, igbó dúdú sì wà létí odò. Nígbà tí onímọ̀ ewéko Aristide Adomou pín ilẹ̀ Benin sí agbègbè mẹ́wàá nípa ewéko rẹ̀ lọ́dún 2005, Bassila ni ó fi sọ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ Olókeméjì

Ìbéèrè nípa iná ẹ̀ẹ̀rùn wà lára ohun tí ó sọ àwọn onímọ̀ igbó di ẹni tó ń padà síbi kan náà lọ́dọọdún. Ní 1929, ní Olókeméjì láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà, wọ́n ya ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Àwọn onímọ̀ igbó Charter àti Keay yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28: ibi tí iná kò dé ti di igbó, èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó sì wà ní ọ̀dàn síbẹ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kokondékro, lẹ́bàá Bouaké ní Côte d'Ivoire, ní àwọn ọdún 1930. Àwọn aṣọ́gbó ilẹ̀ Benin náà fara mọ́ iná àkọ́sun, ìyẹn iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn: koríko kò tíì gbẹ tán nígbà náà, iná kì í sì sábà lágbára tó láti pa igi kékeré.

Láti orí ààlà dé orí ìwọ̀n

Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba Faransé sọ igbó Pénéssoulou, Wari-Maro àti òkè Kouffé, ní agbègbè Bassila, di igbó ọba. Òfin yẹn pààlà, ṣùgbọ́n ààlà kì í sọ bóyá igi ń dàgbà tàbí ó ń kú. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ GTZ ti ilẹ̀ Jámánì bá ìjọba Benin àti àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ lórí àtúnṣe igbó Bassila. Òfin igbó tuntun sì jáde ní 1993.

Ní àwọn ọdún 2000, iṣẹ́ ìwádìí IMPETUS, ti àwọn yunifásítì Köln àti Bonn ní Jámánì, wọn omi àti ilẹ̀ ní odò kékeré Aguima, lẹ́bàá abúlé Doguè. Ohun tí wọ́n rí kan àgbẹ̀ gan-an: ilẹ̀ abẹ́ igi ń mu omi òjò ju ilẹ̀ oko lọ, nítorí ihò tí ekòló, ikán àti gbòǹgbò ń lu. Bí a bá ti ṣán igbó, ihò wọ̀nyí ń dí, omi á sì gba ojú ilẹ̀ lọ. Ètò ìwádìí AMMA-CATCH náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè Ouémé òkè láti àwọn ọdún 1990; igbó Bellefoungou, lẹ́bàá Djougou, wà lára ibi tí wọ́n ń wọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń wọn igi àti ilẹ̀

Àwọn onímọ̀ igbó á fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára igi, wọ́n á wọn ìtóbi rẹ̀ ní gíga mítà 1.30, wọ́n á sì padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tó kú, èyí tí wọ́n gé, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ní ti ilẹ̀, wọ́n ń bu erùpẹ̀ láti mọ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ń wo bí omi ṣe ń yára wọlé.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ní Bassila àti Manigri, níbi tí oko iṣu ti ń wá ilẹ̀ tuntun, tí oko kajú ń gbilẹ̀, tí àwọn darandaran sì ń gé ẹ̀ka apá àti ọ̀gánwó fún màlúù. Iṣẹ́ tí owó òkèèrè gbé wá kì í sábà pé ọdún mẹ́wàá, apá sì ń lò ju ìyẹn lọ kó tó di igi ńlá. Ìdáhùn Olókeméjì kì bá tí wá bí àwọn tó jogún iṣẹ́ náà kò bá tẹ̀ lé àkókò iná kan náà. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kó di ìwé ìwọ̀n mú ni aṣọ́gbó àti ọmọ abúlé tí yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí owó iṣẹ́ bá tán.