Òpó tí Kò Lè Dá Dúró

Kí ni ó ń mú kí ènìyàn dúró ṣánṣán? Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa, eegun ẹ̀yìn ni a óò dárúkọ. Èmi kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà fi hàn pé a ti fi oyè tí ó tọ́ sí ẹni púpọ̀ dá ẹnì kan ṣoṣo lọ́lá.

Giovanni Alfonso Borelli, ará Ítálì tí a bí ní Naples ní 1608, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wo ara ènìyàn. Ìwé rẹ̀ lórí bí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń rìn jáde ní Róòmù ní 1680 àti 1681, lẹ́yìn tí òun ti kú ní 1679. Ó rí i pé bí aláàárù bá tẹ̀ síwájú, ẹrù a jìnnà sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iṣan tí ń fà á padà sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Nítorí náà, agbára tí iṣan ń lò a máa ju ìwọ̀n ẹrù lọ púpọ̀, eegun ni yóò sì ru méjèèjì.

Ní 1744, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, fi hàn pé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dúró de ìgbà tí ẹrù yóò fọ́ ọ. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ná. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù àtijọ́ ni yóò lè gbà.

Ṣé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ̀yìn wa bí? Lucas àti Bresler dán an wò ní Yunifásítì California, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1961. Wọ́n mú ọ̀pá ẹ̀yìn òkú, wọ́n bó gbogbo iṣan kúrò, wọ́n fi okùn tí ó so eegun mọ́ eegun sílẹ̀, wọ́n de ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ẹrù lé e. Ẹrù bíi kìlógíráàmù 2 péré ni ó tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, orí àgbàlagbà nìkan wúwo ju ìlọ́po méjì èyí lọ!

Ìbéèrè wá yí padà. Ní 1992, Manohar Panjabi ti Yunifásítì Yale pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: eegun pẹ̀lú okùn rẹ̀, iṣan, àti ọpọlọ pẹ̀lú àwọn ońṣẹ́ rẹ̀ tí ń sọ fún iṣan ìgbà tí yóò fà àti ìwọ̀n tí yóò fà. Òpó àgọ́ ni ẹ̀yìn wa jọ, tí a fi okùn dè ní ọ̀tún, ní òsì, níwájú àti lẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Nígbà kan rí, bí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn, wọn a ní kí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò a máa rọ. Lónìí, fún ẹ̀yìn dídùn tí kò ní àrùn líle nínú, ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kí ènìyàn máa rìn, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n bí ara rẹ̀ bá ti gbà. Ẹni tí ó bá tú okùn àgọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dá òpó lẹ́bi.