Láti Ọ̀dọ̀ Iwin Ìgbòho Dé Iwájú: Ta Ló Ní Yorùbá Kò Ní Ìtàn Sáyẹ́ǹsì?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fíìmù, ní Ṣakí bí ó ti rí ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe, pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tiwa. Àwọn òyìnbó ló ni ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn. Bàbá Sàlá ni tiwa. Bí a bá tú ìtàn wò dáadáa, kò gbè wọ́n.

Òkè-Ògùn gan-an ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbòho, tí kò jìnnà sí Ṣakí, ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí ogun Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà pé Aláàfin Abípa fẹ́ kó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́ kúrò níbi tí ara ti tù wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ yẹ ìlú àtijọ́ náà wò, wọ́n yára fi abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ ṣọwọ́ síbẹ̀, kí wọ́n máa ké kiri lóru bí iwin. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sá wálé. Ọba kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó rán ọdẹ lọ, ọdẹ sì mú àwọn “iwin” náà bọ̀. Nígbà tí àwọn ìjòyè pé jọ sí ààfin láti mu ọtí, iwin tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán ló gbé ọtí tirẹ̀ wá fún un. Nídìí èyí ni wọ́n ṣe ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin.

Joel Adédèjì, onímọ̀ nípa eré orí ìtàgé, ka ìtàn yìí mọ́ gbòǹgbò eré alárìnjó. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán: ọba fi ẹ̀rín tú àṣírí ọ̀tẹ̀, kò sì sí ìtàjẹ̀sílẹ̀.

Eré alárìnjó yìí ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, jogún. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti mọ ọkùnrin onígíláàsì ràgàjì náà. Nígbà tí ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, àwọn olè jí i dà kọ, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Ó kú ní ọdún 2018. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò jèrè rẹ̀.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, ẹ wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, My Life in the Bush of Ghosts, tó jáde ní ọdún 1954, ọmọ kan tó sọnù sínú igbó pàdé obìnrin iwin tí egbò bo ara rẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà wo ọwọ́ iwin, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀. Ọdún márùn-ún ṣáájú tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn nìyẹn. Lónìí, ọmọ Ṣakí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo ojú ìyá rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, lórí fóònù.

Ẹlòmíràn lè ní iwin kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Òtítọ́ ni, Tutùọlá kò ṣàlàyé wáyà kankan. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò dúró lórí wáyà nìkan. Ó ń béèrè ohun tí ẹ̀rọ yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Iwin náà fẹ́ kí ọmọ náà máa fi ahọ́n lá egbò òun fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ iye àkókò àti owó dátà tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ wa yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Irúgbìn náà kò kú. Ní ọdún 2019, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke fún Rosewater, ìtàn Nàìjíríà ọdún 2066. Ní ọdún 2024, Disney gbé eré Iwájú jáde, lórí Èkó ọjọ́ ọ̀la. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Òye kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni ìpamọ́ àti èdè. Ẹni tí fídíò Aláwàdà àtijọ́ wà nínú àpótí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bàjẹ́ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ògùn tó ń ronú nípa ayé ọdún 2066 sì lè fi Yorùbá kọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èdè tó fẹ́ dé ọ̀la ní láti wo méjèèjì.