Sẹ̀gi Ilé-Ifẹ̀: Bí a ṣe ń dá ìlẹ̀kẹ̀ dígí àtijọ́ mọ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé sẹ̀gi, iyùn àti àkún nínú oríkì, "irú ìlẹ̀kẹ̀ kan" ni a sábà máa ń túmọ̀ gbogbo wọn sí fún un, tí a óò sì kọjá lọ. Àdánù ni. Iyùn kì í ṣe dígí rárá. Dígí ni sẹ̀gi, búlúù tó sábà máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi ń sọ ọmọ ní Sẹ̀gilọlá. Ta ló yọ́ dígí náà? Ìbéèrè yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ gbẹ mọ́ nínú. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ Atlantis ni ó fi iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e kò sọ àsọdùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn gbà pé dígí ilẹ̀ òkèèrè, tí a gbé la Sàhárà kọjá, ni Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Èrò náà kò ṣàìnídìí, nítorí pé ní Bídà, àwọn Masaga láàárín àwọn Núpé ń fi àfọ́kù ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. (A kì í sábà rántí pé àwọn kan náà mọ bí a ṣe ń fi iyanrìn àti kán-ún se dígí dúdú tí wọ́n ń pè ní bikini.)

Inú èròjà dígí ni ìdáhùn ti jáde. Ní 2006, Lankton, Ige àti Rehren fi hàn pé lime àti alumina pọ̀ pa pọ̀ nínú dígí Ifẹ̀. Dígí Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 tí a wà jáde ní Igbó Olókun, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò àti pàǹtírí iṣẹ́, láti ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú dígí yìí ti jáde ní Gao àti Essouk ní Mali pẹ̀lú. Ifẹ̀ tí wọ́n ní ó ń rà, òun gan-an ló ń tà.

Kí ni ojú lásán lè rí? Kò kéré. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ẹ̀gbẹ́ ihò ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá fa dígí gùn bí ọ̀pá oníhò kí a tó gé e, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ifẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tò lọ gbọọrọ pẹ̀lú ihò. Bí ó bá jẹ́ pé a wé e mọ́ irin ni, wọn yóò yí ihò ká. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí oòrùn: búlúù kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò di àwọ̀ ewé tàbí ti ìyeyè. Ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Krobo ní Gánà, tí a fi ìgò tí a gún kúnná sun nínú amọ̀, kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ara rẹ̀ a sì máa rí ṣákiṣàki. Ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ tó jóná ló dá ihò sí i. Èyí tó ní ìràwọ̀ lẹ́nu ihò, tí àwọ̀ rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele, iṣẹ́ Venice ni, tàbí àfarawé rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ha á wò, ohunkóhun tí òǹtajà ì báà sọ. Ẹ kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a hú tà láìsí àkọsílẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún Ifẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa onímọ̀ èdè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ tó ń jẹ́ coris ní odò Forcados, wọ́n sì ń gbé e lọ sí Elmina. Àwọn kan ti sọ pé sẹ̀gi ni. Ṣùgbọ́n búlúù tó ní ilà pupa ni Pereira pè é, sẹ̀gi tí a sì mọ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Kí ẹni tó bá fi sẹ̀gi túmọ̀ coris kọ́kọ́ fi ilà pupa náà hàn wá.