Onígbọ̀wọ́

Ní Ṣágámù, ẹni tó bá fẹ́ yá owó tó jọjú lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò mú onígbọ̀wọ́ wá. Onígbọ̀wọ́ á fọwọ́ síwèé. Bí ayáwó bá sá lọ, òun ni ẹgbẹ́ á mú.

Lónìí, ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó ètò rédíò tàbí ìwádìí náà ń jẹ́ onígbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n tẹni àkọ́kọ́ gba ewu ẹlòmíì sọ́rùn. Tẹni kejì lè máa retí èrè tirẹ̀.

Ní 1995, Shell dá ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ lórí àyíká Niger Delta, ó sì ń náwó sí i. Wọ́n ní ìwádìí náà dá dúró; Gamaliel Onosode ni alága. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ògóni tó ń tako Shell, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, Ake kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìwà akin gidi nìyẹn.

Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, làwọn àgbà wí. Olówó kò tilẹ̀ ní láti yí èsì padà: bó bá ti yan ìbéèrè, ó tó.

Ọ̀rọ̀ náà kan Rẹ́mọ, agbègbè tí Ṣágámù wà. Lábẹ́ òfin àyíká ti 1992, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ dáṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń háyà àwọn tó ń wádìí ohun tí iṣẹ́ náà lè bà jẹ́. Wọ́n máa ń gbé àbọ̀ ìwádìí náà síta fáráàlú. Ẹ lọ kà á, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó sanwó rẹ̀.