Asẹ́ àpótí ẹja

Asẹ́ àpótí ẹja ni ohun èlò tó ń fa omi gba inú fóòmù, tó sì ń dá a padà ní mímọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sórí ìdọ̀tí tí ojú rí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù a máa di amóníà, tó jẹ́ májèlé. Bakitéríà inú fóòmù ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, májèlé lòun náà, kí àwọn mìíràn tó sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà. Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé irú bakitéríà yìí ní nǹkan bí ọdún 1890.

Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Ẹja díẹ̀ là ń kọ́kọ́ kó sí i. Fóòmù láti inú àpótí àtijọ́ tí kò lárùn a máa mú un yá.

Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, omi asẹ́ kò ní rìn mọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, bakitéríà á sì máa kú. Ẹ da omi tó ti rùn nínú asẹ́ nù kí ẹ tó tún tan án.

Inú garawa omi tí a bù láti inú àpótí la ti ń fún fóòmù, láìlo ọṣẹ. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kilorínì tó ń pa bakitéríà. Àwọn tó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù a máa fọ fóòmù títí yóò fi funfun báláú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹja wọn ń kú.